Ẹ̀rọ Tó Ń Béèrè Ọ̀nà Lọ́wọ́ Ẹni Tí Kò Sí

Èmi ni mo bà á jẹ́. Ẹ jẹ́ kí n tètè fẹnu ara mi sọ ọ́ kí ẹlòmíràn tó bá mi sọ ọ́. Kì í ṣe iná mànàmáná ló ṣe é, kì í ṣe òjò, kì í sì í ṣe ayé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé odidi ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi di ẹ̀bi náà ru ayé. Wọ́n ti bá mi tún kọ̀ńpútà mi ṣe ní Ọjọ́rú, ó ń ṣiṣẹ́ geere. Nígbà tó di àárọ̀ Sátidé, ọjọ́ kan ṣoṣo tí mo nílò rẹ̀ jù, èmi àgbàlagbà tí mo ti lé ní àádọ́ta ọdún jókòó tì í, mo wọ awò ojú mi, mo sì fi ìka méjì dá àìsàn rẹ̀ padà sí i lára. Lẹ́yìn náà ni mo wá ń bi í pé kí ló ń ṣe é.

Bí n kò ṣe ní yàrá mọ́ nílé bàbá mi nìyẹn.

*

Ìwó ni wọ́n bí mi sí. Ó di ọdún mọ́kàndínlógún tí mo ti ń gbé Ikpinlè, ní ilẹ̀ Adja-Ouèrè, ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ pé mo wà ní ìdálẹ̀ á rò pé mo kọjá òkun, pé yìnyín ń bọ́ lé mi lórí. Ibodè lásán ni mo kọjá. Bí mo bá sì sọ fún àwọn ará ilé pé Yorùbá ni wọ́n ń sọ níbi tí mo wà, wọn á ní, "Ṣé o wá lọ sí àjò náà ni?"

Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù gan-an nìyẹn. Mo ti rò pé ibi tí wọ́n bá ti ń sọ èdè mi, ilé ni. Àṣé bẹ́ẹ̀ kọ́. Yorùbá tí wọ́n ń sọ níbí dà bí aṣọ bàbá mi lára ẹlòmíràn: mo mọ aṣọ, n kò mọ ẹni tó wọ̀ ọ́. Wọn á kí mi, etí mi á gbọ́, ọkàn mi á sì dúró sẹ́nu ọ̀nà. Bí ọ̀rọ̀ bá wá kan ìwé, kan ọlọ́pàá, kan dókítà, Faransé ni. Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀ tí mo kó jọ nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí mo fi ń yan láàárín ẹgbẹ́ nílé, ní ọjọ́ tí mo dé síbí ni mo ká a bí ẹní, mo tì í sábẹ́ ibùsùn.

Ní ọjọ́ náà gan-an, ọkùnrin ará Ìwó kan tí a jọ kọ́ṣẹ́ ni mo ń wá. Ganíyù ni orúkọ rẹ̀. Wọ́n ní ó ń tún ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́ ṣe ní Ikpinlè, wọ́n sì júwe agbo ilé kan fún mi. Mo bá àwọn ìyàwó mẹ́ta níwájú ilé, tí wọ́n ń bẹ ẹ̀gẹ́.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ganíyù ni mo ń wá."

Wọ́n wo ara wọn lójú. "Ta ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?"

"Mẹkáníìkì ni. Ó ga, ó dúdú."

"Gbogbo ọkùnrin ilé yìí ló ga tó sì dúdú," ni ọ̀kan sọ, "àfi ọkọ tèmi." Àwọn tó kù bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀gẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn.

Mo jókòó sábẹ́ igi máńgòrò pẹ̀lú ẹrù mi. Oòrùn kan àtàrí, ó tún rọlẹ̀. Kò pẹ́, Ganíyù jáde wá láti ẹ̀yìnkùlé ilé kan náà, pákò lẹ́nu.

"Ìwọ ọ̀dẹ̀ yìí," ó ní, "ṣé o kò mọ ìyàwó ilé ni? Wọn kì í pe ẹni tí wọ́n bá nílé ọkọ wọn lórúkọ. Ẹlẹ́rọ ni wọ́n ń pè mí. Baálé ni ò bá bi. Kì í ṣe orúkọ la fi ń rí ènìyàn, ẹni tí o bá bi ni."

Mo bá a rẹ́rìn-ín. Ganíyù ti gba Gàbọ̀ọ́nù lọ láti ìgbà náà, ẹnikẹ́ni kò sì gbúròó rẹ̀ mọ́. N kò mọ orúkọ tí wọ́n ń pè é lọ́hùn-ún, tí mo lè fi béèrè rẹ̀.

Ó yẹ kí n ti mọ̀. Nílé tiwa náà, ìyàwó kan kò pe orúkọ mi rí. Ìyáalé wa, tó dàgbà jù nínú gbogbo àwọn ìyàwó ilé, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ló ń pè mí, nítorí mo tẹ́ẹ́rẹ́ nígbà náà bí igi ìgbálẹ̀. Níbí, Baba Nàìjá ni mí. Ní Ìwó, wọ́n ti sọ mí di Ará Kútọnu, èmi tó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mo tẹ Kútọnu, tí mo sì ṣìnà níbẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mejèèjì. Orúkọ tí bàbá mi sọ mí gan-an, ẹni tó ń pè é láyé kò ju ẹyọ kan lọ: ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Ìyá Ìbejì.

*

Ìyá Ìbejì máa ń pè mí ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, bí wọ́n bá ti kírun tán. Fóònù mi jẹ́ èyí tó ní iná lórí, ohùn nìkan ló mọ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà la máa ń sọ.

"Ìgbà wo lò ń bọ̀ wálé?"

"Tí òjò bá ti dá."

"Òjò wo?"

"Èyí tó ń rọ̀ yìí."

"Láti ìgbà tí mo ti ní eyín lòjò náà ti ń rọ̀."

Ká sọ òótọ́, Ikpinlè sí Ìwó kò ju ìrìn ọjọ́ kan lọ. Kì í ṣe ọ̀nà ló jìn. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Mo lọ ní ọ̀dọ́mọkùnrin tó fẹ́ kọ́lé alágbèékà. N óò padà ní àgbàlagbà tó mọ bí wọ́n ṣe ń yọ irin tó há sẹ́nu ẹ̀rọ ẹ̀gẹ́. Èyí tó tún burú jù ni ikùn. Mo ti sanra síbí. Bí wọ́n bá rí ikùn mi ní Ìwó, wọn á gbà pé mo rí ṣe, wọn á máa retí kí n tú ẹrù. Aláìní tó rù, wọ́n á ṣàánú rẹ̀. Aláìní tó yọkùn, ta ni yóò gbà á gbọ́?

N kò ní parọ́, ìgbésí ayé ibí kì í ṣe ìyà lásán. Ní ọdún kan, ẹ̀rọ àwọn obìnrin kan ní Massè, ìlú kan nítòsí wa, dákẹ́ nígbà tí òkìtì ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ti bẹ ń bà jẹ́ lọ lójú wọn. Mo tú u palẹ̀, mo tún un tò, mo fà á, ó dún. Wọ́n pa igbe. Wọ́n fún mi ní ẹmu, mo mu, mo sì sùn sábẹ́ ọ̀pẹ, inú mi dùn bí ọba. Nígbà tí mo jí, ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni pé kò sí ẹni tí mo lè ròyìn rẹ̀ fún, tó mọ irú ọmọ tí mo jẹ́ tẹ́lẹ̀.

Onílé mi, Bàbá Àkànní, tí ó ti ń lọ sí ọgọ́rin ọdún, fẹ́ fún mi ní ilẹ̀ nígbà kan, lẹ́bàá ọ̀nà Massè. "Kọ́ yàrá méjì," ó ní. "Gbé ìyàwó. Èwo ni ti pé o ń gbé bí ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ ń bọ̀ lọ́la?"

Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí n bi wọ́n nílé ná, bàbá."

Ta ni mo fẹ́ bi? Bàbá mi ti kú. Ìyá mi ti kú. Síbẹ̀ mo ń sọ pé n óò bi wọ́n nílé, ọdún kan, ọdún méjì, ọdún márùn-ún. Bàbá Àkànní kò bínú. Ó fún ọmọ ìlú Kpoulou kan ní ilẹ̀ náà, ìyẹn ti kọ́lé sí i, ó tilẹ̀ ti gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ sẹ́yìn rẹ̀.

*

Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, ohùn Ìyá Ìbejì yàtọ̀. Ó ní Mọ́gàjí, olórí ẹbí wa, sọ pé òrùlé ilé ńlá ti ń jò, wọ́n fẹ́ paàrọ̀ rẹ̀, wọ́n sì fẹ́ tún yàrá pín. Ní Sátidé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ní aago mẹ́wàá àárọ̀, wọn á pe orúkọ gbogbo ọmọ ilé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá dáhùn, yàrá rẹ̀ wà. Ẹni tí kò dáhùn, wọn á fi yàrá rẹ̀ fún ẹni tó wà nílé.

"N óò dáhùn lórí fóònù," ni mo sọ.

"Wọn kò gbà bẹ́ẹ̀. Ṣé o rántí ìpàdé èṣí, tí ẹnì kan ní kí ọ̀rẹ́ òun bá òun dáhùn lórí fóònù? Mọ́gàjí ní ojú làwọn fẹ́ rí, ohùn kò tó. Inú kọ̀ńpútà ni àwọn ará ìdálẹ̀ yóò ti yọjú. Wálé, àbúrò mi. Tí o kò bá lè wálé, yọjú."

Yàrá kẹta lọ́wọ́ òsì ni yàrá mi. Ẹ̀yìn ògiri rẹ̀ ni wọ́n ri ìwọ́ mi sí, lábẹ́ igi ọsàn. N kò sùn níbẹ̀ láti ọdún mọ́kàndínlógún, àmọ́ níbikíbi tí mo bá ti ń sùn, bí n kò bá lè sùn, yàrá náà ni mo máa ń rìn lọ. Mo mọ ibi tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ti ń há. Tí wọ́n bá gbà á, kì í ṣe pé n kò ní rí ibi sùn sí. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé n kò lè sọ pé mò ń lọ sílé mọ́.

Ó yẹ kí n wọ ọkọ̀. Kọ̀ńpútà ni mo lọ rà.

*

Àjàṣẹ́ ti Bẹ̀nẹ̀ níbí ni mo ti rà á, alágbèéká àlòkù, tí bébà orúkọ ọ́fíìsì kan ṣì lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀. Mo ra àpótí kékeré tó ń fa íńtánẹ́ẹ̀tì mọ́ ọn. Mo gbé e gba àárín agbo ilé, mi ò gba ẹ̀yìnkùlé, kí gbogbo ènìyàn lè rí i.

"Baba Nàìjá," Bàbá Àkànní pè mí láti orí àga rẹ̀, "kí nìyẹn?"

"Kọ̀ńpútà ni, bàbá. Àwọn ará ilé mi fẹ́ gba inú rẹ̀ yọ sí mi ní Sátidé."

"Gbogbo wọn?"

"Gbogbo wọn."

"Sọ fún wọn kí wọ́n mú iyán dání. Àkàsà ti sú mi."

Mo tan ẹ̀rọ náà. Iná àpótí ń ṣẹ́jú dáadáa. Àmì íńtánẹ́ẹ̀tì kún lójú kọ̀ńpútà. Mo wá fara balẹ̀ tẹ orúkọ ibi ìpàdé náà, tí Ìyá Ìbejì pè fún mi lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Ojú rẹ̀ funfun. Ó kọ Faransé sí i. Mo gbé e tọ aládùúgbò kan lọ, ó kà á fún mi: kò rí ẹni tó ń jẹ́ orúkọ yẹn. Mo tẹ orúkọ mìíràn. Kò mọ ìyẹn náà. Mo tẹ orúkọ ìlú mi. Kò mọ̀ ọ́n.

Mo ṣe gbogbo ohun tí mẹkáníìkì ń ṣe. Mo pa á, mo tàn án. Mo fẹ́ atẹ́gùn sí i nínú. Mo gbé àpótí sójú fèrèsé, mo gbé e sẹ́nu ọ̀nà, mo gbé e lé orí odó. Mo gbá a díẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní òun kò mọ ẹnikẹ́ni.

*

Ìyá Ṣèrífù ni mo gbé e lọ bá ní Ọjọ́rú. Obìnrin náà ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Adja-Ouèrè, ó ń tẹ ìwé, ó ń ya fọ́tò ìwé, kò sì sí ọ̀dìnátọ̀, bí wọ́n ti ń pe kọ̀ńpútà níbí, tí kò lè bá sọ̀rọ̀.

Ó kọ́kọ́ so fóònù tirẹ̀ mọ́ àpótí mi. Ó ṣí. "Àpótí yín dára," ó ní. Ó wá ṣí ojú dúdú kan lára kọ̀ńpútà, ó tẹ nọ́ńbà kan tó mọ̀ sórí, èsì sáré wá, ìlà lórí ìlà. "Ọ̀nà yín náà dára." Ó wá tẹ orúkọ kan sí ojú dúdú kan náà. Kọ̀ńpútà ronú títí, ó ní òun kò mọ̀ ọ́n.

"Ẹ rí i, bàbá? Tí a bá pe nọ́ńbà, ó ń lọ. Tí a bá pe orúkọ, ó ń sọnù."

"Kí ló dé tó kórìíra orúkọ?"

"Kò kórìíra rẹ̀. Ẹ̀rọ kì í mọ orúkọ, nọ́ńbà nìkan ló mọ̀. Tí ẹ bá pe orúkọ fún un, ó ní láti bi ẹnì kan pé, 'Ibo ni ilé lágbájá?' Ẹni yẹn á sọ nọ́ńbà ilé náà fún un, ó tó máa lọ."

"Bí ìgbà tí ènìyàn bá wọ agbo ilé, tó ń bi baálé."

"Ẹ ti mọ̀ ọ́n." Ó ń ṣí ìlẹ̀kùn kan tẹ̀ lé òmíràn nínú ẹ̀rọ náà, títí ó fi kan ibì kan, ó sì rẹ́rìn-ín. "Òun nìyí! Ẹ wo nọ́ńbà yìí. Ọ́fíìsì tó ti wá ló kọ ọ́ sí i: 'Ẹni tí o ó máa bi nìyí, má bi ẹlòmíràn.' Baálé ọ́fíìsì wọn ni. Kò sí ní Adja-Ouèrè. Bóyá kò sí láyé mọ́ pàápàá. Láti ìgbà tí ẹ ti rà á, ẹ̀rọ yìí ń béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ẹni tí kò sí, ó sì jókòó, ó ń retí èsì."

Mo bá a rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, mo rí i pé òun nìkan ló ń rẹ́rìn-ín.

"N óò nù ún kúrò," ó ní. "Kó máa bi àpótí tó wà nítòsí rẹ̀. Ẹni tó wà nítòsí ló mọ ọ̀nà."

"Ẹ dúró ná!" Mo fa ìwé kékeré mi yọ, mo da nọ́ńbà náà kọ, àti ọ̀nà tó gbà dé ibẹ̀.

"Kí lẹ fẹ́ fi ṣe, bàbá?"

"Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ní ohun tí o bá yọ lára ẹ̀rọ ẹlẹ́rọ, má sọ ọ́ nù. Ó nídìí tí ẹni àkọ́kọ́ fi fi í síbẹ̀." Lára ògiri yàrá mi ní Ikpinlè, àwọn irin nóòtù tí mo ti yọ lára ẹ̀rọ láti ọdún mọ́kàndínlógún wà lórí okùn.

"Èyí kì í ṣe nóòtù o, Baba Nàìjá. Ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́."

Ó nù ún. Ó ní kí n tẹ ohun tó bá wù mí. Mo tẹ orúkọ ìlú mi. Ìwó jáde! Òpópó, òrùlé tó ti pọ́n, ọkùnrin kan lórí kẹ̀kẹ́ tí n kò mọ̀ rí. Mo wo ọkùnrin náà títí ojú fi ń ro mí. Ìyá Ṣèrífù yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni tó ń wá bébà.

*

Sátidé dé. Aago mẹ́sàn-án kò tí ì lù tí mo ti wọ bùbá, tí mo ti dé fìlà, tí mo jókòó ṣinṣin bí ẹni tí wọ́n fẹ́ yà ní fọ́tò. Mo ti fi tábìlì bo ikùn.

Ojú ọ̀run ṣú díẹ̀. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí aago mẹ́wàá lù, mo tẹ orúkọ ibi ìpàdé. Ohun róbótó kan bẹ̀rẹ̀ sí yí lójú rẹ̀. Ó ń yí, kò dúró, kò sì ṣí. Ẹni tó bá lọ́kàn á ní òjò ló ń bọ̀, íńtánẹ́ẹ̀tì ń fà, kí òun ní sùúrù. Èmi, ẹ̀rù ti gba ìjókòó lọ́wọ́ ọgbọ́n. Ọkàn mi sọ pé: ohun kan ti kúrò lára ẹ̀rọ yìí. Kí sì ni wọ́n yọ lára rẹ̀? Nọ́ńbà ni. Baálé ilé rẹ̀ ni. Ta ni obìnrin ọjọ́ kan tó fi lé àgbà kúrò nílé?

Mo ṣí ìwé mi. Mo tẹ̀ lé ọ̀nà tí mo kọ, mo dé ibẹ̀ láìṣìnà, mo sì dá nọ́ńbà náà padà, ẹyọ kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Inú mi tilẹ̀ dùn. Mo padà sójú ibi ìpàdé. Ohun róbótó náà ti lọ. Faransé ọjọ́sí ló wà níbẹ̀: kò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Mo rò pé mo ṣì í kọ ni. Mo tún un kọ. Mo nù ún, mo tún un kọ lẹ́ẹ̀kẹta, mo ń ka nọ́ńbà náà sókè bí àdúrà. Kò wá sí mi lọ́kàn rárá pé nọ́ńbà náà gan-an ni àìsàn. Aago mẹ́wàá lù.

Bàbá Àkànní yọjú lẹ́nu ọ̀nà. "Ṣé wọ́n ti dé?"

"Wọ́n ń bọ̀."

Ó lọ, ó tún padà. "Ṣé wọ́n ṣìnà ni?"

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́."

Aládùúgbò mi ní fóònù tó ní ojú. Ìbá ṣí ibi ìpàdé náà fún mi kí ènìyàn tó tutọ́. Ṣùgbọ́n gbogbo ọ̀sẹ̀ ni mo fi ń fọ́nnu fún un nípa kọ̀ńpútà mi. Ìtìjú dì mí mú lórí àga. Nígbà tí mo fi máa tu ara mi sílẹ̀, ó ti lọ sóko, òun àti fóònù rẹ̀.

Mo wé ẹ̀rọ náà sínú aṣọ, mo gbé e mọ́ àyà bí ọmọ tó ní ibà, mo gun alùpùpù ẹlẹ́sẹ̀ méjì tí wọ́n ń pè ní zẹ́mì. "Adja-Ouèrè! Sáré!" Àgbàdo ń sá kọjá, ẹ̀gẹ́ ń sá kọjá, ọ̀pẹ ń sá kọjá, òjò sì bẹ̀rẹ̀ sí ta mí lójú. Fóònù mi ń dún lápò. Mo mọ̀ pé Ìyá Ìbejì ni. N kò lè gbé e. Bí mo bá gbé e, kí ni mo fẹ́ sọ? Pé mo ń bọ̀?

Ìyá Ṣèrífù wo ojú kọ̀ńpútà, ó wo mí. "Ẹ dá a padà."

Mo na ìwé kékeré mi sí i.

Kò bá mi wí. Ó nù ún kúrò, iṣẹ́ tí kò tó ìmí mẹ́ta. Ibi ìpàdé ṣí gbayawu.

Àgbàlá ilé wa ni. Mo rí i ní òòró gangan: ògiri, òpó, àtẹ̀gùn tí mo ti já bọ́ ní kékeré. Àga wà níbẹ̀ ní ìlà, kò sí ẹnì kankan lórí wọn. Adìẹ kan ń ṣa ìrẹsì tó dà sílẹ̀. Ọ̀dọ́bìnrin kan tí n kò mọ̀ ń gbálẹ̀, ó gbọ́ ohùn mi, ó sún mọ́ wa títí ojú rẹ̀ fi kún ẹ̀rọ.

"Ẹ káàárọ̀ o. Ẹ̀yin ta nìyẹn?"

Mo sọ orúkọ mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, ó dà bíi pé mo yá a lò.

"Mi ò mọ orúkọ yẹn o, sà. Ìpàdé ti tú. Ìyàwó tuntun ni mí nílé yìí."

Mo rántí pé ìyàwó kì í fi orúkọ mọ ọmọ ilé. Mo ní, "Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Bí wọ́n ti ń pè mí nílé nìyẹn. Sọ fún Ìyáalé pé Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ dé."

Ojú rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ sí ikùn mi. Mo rí i bó ti ń gbìyànjú kó má rẹ́rìn-ín, kò sì ṣeé ṣe. Kò ṣe é tìkàtìkà, ọmọ dáadáa ni. Ẹnì kan pè é láti inú ilé. "Ẹ má bínú, sà," ó ní. Ó na ọwọ́, ojú ẹ̀rọ sì dúdú.

Ìyá Ṣèrífù fún mi ní omi. Òjò ń lu páànù.

*

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni mo tó lè gbé fóònù. Bàbá Àkànní wà lórí àga rẹ̀, kò béèrè ẹni tó dé tàbí tí kò dé. Ìyá Ìbejì kò pariwo lé mi lórí. Ìbá sàn bó bá pariwo.

"Wọ́n pè ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta," ó ní. "Ohùn Mọ́gàjí dé ìta. Mo ní kí wọ́n ní sùúrù, mo ń pe fóònù rẹ. Wọ́n béèrè pé ibo lo wà gan-an. Ẹnì kan ní Kútọnu. Ẹnì kan ní Gàbọ̀ọ́nù. Ẹnì kan ní ṣé o ṣì wà láyé. Mo sọ Ikpinlè fún wọn, kò sí ẹni tó mọ ibẹ̀."

"Ta wá ni wọ́n fún ní yàrá náà?"

"Ìyàwó tuntun ọmọ Mọ́gàjí. Oyún wà nínú rẹ̀."

"Mo rí i," ni mo sọ. "Ó mọ ilẹ̀ gbá."

"Èmi ń bá wọn jà o. Mo ní kí wọ́n tún pè ọ́ lẹ́ẹ̀kẹrin, Mọ́gàjí náà fẹ́ gbà. Ìyáalé ló dá a dúró. Láti àárọ̀ kò tí ì sọ nǹkan kan, a tilẹ̀ rò pé ó ti sùn lọ."

"Kí ló sọ?"

"Ó ní, 'Ẹ yé da Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ mi láàmú. Ọmọ tí ilé pè lẹ́ẹ̀mẹ́ta tí kò dáhùn, ibi tó wà ti di ilé rẹ̀. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn náà, kí ẹni tó wà níbí wọlé.'"